Ìró Abẹ́rẹ́ Nínú Omi Gbígbóná

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ fi apá òsì títì sílẹ̀ kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ omi pípọn ní ibùdó abẹ́rẹ́ màlúù, lẹ́yìn Ṣakí, lójú ọ̀nà tó lọ sí Kíṣí. N kò mọ̀wé, n kò lè pe ọdún náà ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́njú nígbà náà kò lè gbàgbé. Gbogbo awakọ̀ ló ń ṣépè. Ọkọ mi, Bàbá Ràṣídì, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Ìṣẹ́yìn, máa ń sọ pé òun mọ̀ pé ọ̀tún ni, ẹnu òun náà ń sọ pé ọ̀tún ni, ṣùgbọ́n bí ewúrẹ́ bá já lu títì lójijì, òsì lọwọ́ òun ń fà sí. Á gbé ọwọ́ náà sókè, á wò ó, á ní, "Ọwọ́ yìí, ta lo ń gbọ́ràn sí lẹ́nu gan-an?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ohun tí n óò fi gbogbo ìgbà iṣẹ́ mi wò nìyẹn: orí mọ tirẹ̀, ara náà mọ tirẹ̀.

Iṣẹ́ ibùdó náà kò ní ọlá kankan. Garawa lórí, garawa lọ́wọ́, láti odò dé ibi tí wọ́n ti ń gún màlúù lábẹ́rẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe é, nígbà tí ọyẹ́ ti la gìgísẹ̀ wa, tí odò sì ti wọ abẹ́ iyanrìn lọ, tí ó jẹ́ pé gbígbẹ́ la ń gbẹ́ omi. Wọ́n to igi sí ọ̀tún, wọ́n to igi sí òsì, ó di ọ̀nà tóóró tí màlúù kan ṣoṣo lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Màlúù á gba ibí wọlé, bàbá aláṣọ funfun tí ìjọba rán wá á gún un, á gba ọ̀hún jáde. Orúkọ tí àwa òṣìṣẹ́ ń pe ibẹ̀ náà kò ju "ọ̀nà tóóró" lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo ní iṣẹ́ ìrọ̀rùn mà nìyí. Àwọn màlúù náà tò wọlé jẹ́jẹ́ bí àlejò tí wọ́n pè wá jẹun. Ìgbà tí wọ́n tún kó wọn wá ni ojú mi là. Bàbá aláṣọ funfun kò tíì fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ rárá. Ó kàn sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni, afẹ́fẹ́ sì gbé òórùn oògùn náà dé imú wọn. Ẹ wá wo eré! Wọ́n yíjú padà, wọ́n gbá mi lulẹ̀ tèmi ti garawa. Ibi tí mo jókòó sí nínú ẹrẹ̀, abo màlúù kan dúró tì mí, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Àwa méjèèjì wo ara wa. Ó jọ pé iṣẹ́ náà ti sú u bó ṣe sú mi.

Fúlàní àgbà kan tó ń da màlúù lágbègbè Kíṣí ló wá fà mí dìde. Bàbá Múúsá là ń pè é. Ó ti pẹ́ láàárín wa débi pé Yorùbá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́.

"Ìyá Ràṣídì, sànnú o. Egungun kò sẹ́?"

"Kò sẹ́. Ara lásán ni."

"Má bá wọn bínú. Orí wọn kò dàrú. Aṣọ funfun lojú wọn rí, ìrora lara wọn gbọ́."

"Ṣé kí ọkùnrin náà máa wọ dúdú ni?"

"Tó bá wọ dúdú, wọ́n á kọ́ dúdú."

Ohun tí Bàbá Múúsá ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ojú mi ló ṣe. Ó wá aṣọ funfun kan tó ti gbó. Lọ́jọ́ tí kò sí abẹ́rẹ́, tí kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan, á wọ aṣọ náà, á da agbo rẹ̀ gba ọ̀nà tóóró, á da káún sílẹ̀ lẹ́nu ibi tí wọn yóò gbà jáde. Káún yìí, màlúù fẹ́ràn rẹ̀ ju koríko tútù lọ. Ó ṣe é lónìí, ó ṣe é lọ́túnla, ó tún ṣe é. Nígbà tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ pé, agbo tirẹ̀ ń fi ahọ́n lá imú wọlé ni. Wọ́n gún wọn, wọ́n ta nídìí díẹ̀, wọ́n sì jáde lọ lá káún wọn.

"Abẹ́rẹ́ kan ló sọnù sáàárín káún púpọ̀," ló wí.

Darandaran kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó rí i, tó ní òun náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀lẹ ni. Kò jẹ́ da màlúù wá lọ́jọ́ tí kò sí nǹkan. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ nìkan ló ń rántí káún. Kí ni ẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀? Kò pẹ́ tí màlúù rẹ̀ fi rí káún tí wọ́n fẹsẹ̀ fẹ. Bàbá Múúsá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó fi káún kọ́ wọn lẹ́rù! Káún! Ohun tí màlúù ń lá lójú àlá!" Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo gbé garawa mi. Ọ̀rọ̀ náà sì jókòó sínú mi.

Iṣẹ́ màlúù kì í ṣe ti gbogbo ọdún, ọmọ sì ń jẹun lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa tún ọsibítù kékeré kan ṣe nínú Ṣakí, mo lọ. Wọ́n fún mi ní aṣọ búlúù, ìgbálẹ̀, ọṣẹ, àti iná. Iná náà ni olórí iṣẹ́. Nígbà náà, a kì í ju abẹ́rẹ́ nù. Gíláàsì ni ìgò tí wọ́n fi ń fa oògùn, irin ni ẹnu rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ki ẹnu yẹn bọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá ti lò ó, n óò fọ̀ ọ́, n óò tò ó sínú abọ́ irin, n óò gbé e ka sítóòfù kí ó hó dáadáa, kí n tó fi ẹ̀mú yọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá ti hó, gíláàsì á máa gbá abọ́ irin: ṣinrin-ṣinrin-ṣinrin.

Ìró yẹn! Nọ́ọ̀sì á ṣì jókòó, àwọn ọmọ tó wà lórí ẹsẹ̀ ìyá wọn á ti gbé orí sókè.  Ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ ẹkún, gbogbo ilé á gbà á. Lójoojúmọ́ ni. Mo máa ń délé kí ẹkún ṣì máa dún létí mi nígbà tí ilé pa rọ́rọ́. Kì í ṣe ìró nìkan náà ni wọ́n kọ́, wọ́n kọ́ aṣọ búlúù mi mọ́ ọn. Bí mo bá ń lọ sọ́jà, ọmọ kan á rí mi, á kó sábẹ́ ìró ìyá rẹ̀. Èmi tí n kò gún ẹnikẹ́ni rí, tí abẹ́rẹ́ ìránṣọ gan-an ń gún lọ́wọ́!

Ní ti èyí, mo ní màlúù àti ọmọ èèyàn, ọgbọọgba ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gbálẹ̀ ni mo ń rí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Ọmọ màlúù tí wọn kò gún rí kì í bẹ̀rù ọ̀nà tóóró àyàfi tó bá rí i tí àwọn àgbà ń sá. Ọmọ èèyàn tí wọn kò gún rí, tí kò mọ ọsibítù rí, òun náà á ti máa pariwo lẹ́nu géètì. Ta ló kọ́ ọ? Àwa ìyá ni. Bí ọmọ bá kọ̀ láti sùn: "Ìyá abẹ́rẹ́ ń bọ̀ o!" Bó bá kọ̀ láti jẹ ẹ̀kọ: "N óò pe nọ́ọ̀sì kó wá gún ẹ!" Ẹnu lásán la fi gún wọn, oró rẹ̀ sì wọlé.

Ọ̀rọ̀ Múnírátù ló wá jẹ́ kí n mọ̀ pé eré kọ́.

Ọmọbìnrin kékeré ni, kò tíì ju ẹni tó ń pààrọ̀ eyín lọ. Ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́. Ajá kan jáde láti inú igbó lọ́jọ́ kan, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, ìrù rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀. Ó bu Múnírátù jẹ ní ojúgun, ó bu ewúrẹ́ ilé wọn jẹ, kí àwọn ọkùnrin tó pa á. Ajá dìgbòlugi ni. Kò sí ẹni tó rí i tí kò mọ̀. Nọ́ọ̀sì wa, Nọ́ọ̀sì Adéọlá, kò fi ṣeré. Ó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, wọ́n gbé oògùn náà wá nínú fúláàsì tí wọ́n kó yìnyín sí. Ó sọ fún ìyá ọmọ náà pé ojoojúmọ́ ni wọn yóò máa gún un, níkùn, fún ìgbà pípẹ́. "Kò gbọdọ̀ já, Ìyá Múnírátù. Bí wèrè ajá bá fi lè dé orí ọmọ yìí, kò sí oògùn mọ́."

Níkùn! Àgbàlagbà ń sunkún sí i. Ọjọ́ kejì ni ọmọ náà ti kọ̀ láti tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá dá ọgbọ́n. "Ọjà la ń lọ," ló sọ fún un. Ní ìkóríta, á ra wàrà dídín fún un lọ́wọ́ Fúlàní oníwàrà, nítorí kò sí ohun tí Múnírátù fẹ́ràn tó wàrà. Bó bá ti ń jẹ ẹ́, á gbá a mú wọ ọ̀dọ̀ wa. Ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú agídí. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ náà rí igbá oníwàrà lókèèrè, ó bì. Kò tíì fẹnu kàn án o. Ó rí igbá lásán ni.

Ìyá rẹ̀ ní ibà ló ń bọ̀. Ẹ̀rín Bàbá Múúsá ni mo gbọ́ létí mi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò pa mí lẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ̀rọ̀ màlúù àti káún fún Nọ́ọ̀sì bí mo ṣe ń nu ilẹ̀.

Ó gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Wọ́n kọ́ wa ní nǹkan tó jọ ọ́ níléèwé, Ìyá Ràṣídì. Wọ́n ní wọ́n máa ń jẹ́ kí ajá gbọ́ ìró kan kí wọ́n tó fún un lóúnjẹ. Nígbà tó yá, ìró nìkan ni, kò sí oúnjẹ, itọ́ ti ń dà lẹ́nu rẹ̀."

"Ajá ta ni?"

"Ajá òyìnbó."

"Ó dáa náà. Tiwa ì bá ti jí oúnjẹ náà gbé."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ Bàbá Múúsá ráyè. Ó rí ọjọ́ tí kò sí abẹ́rẹ́. Àwa, ojoojúmọ́ la ń gún ọmọ yìí. Níbo la ti fẹ́ rí àyè kó káún jọ?" Ó ronú sí i. "Màlúù kọ́ sì ni. Màlúù ò ṣeé sọ fún. Ọmọ ṣeé sọ fún."

"Òótọ́ ni, Nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un tí yóò gbọ́? Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ náà ti di bíi wàrà yẹn lójú rẹ̀."

 Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ewúrẹ́ ilé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bu igi jẹ. Itọ́ ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Wọ́n so ó mọ́lẹ̀, ó kú. Gbogbo agboolé rí i. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ìyá Múnírátù wọlé tọ̀ wá, òun nìkan, gèlè lọ́wọ́.

"A ò rí i. Mo ní 'ọjà la ń lọ,' mo yíjú, a ò rí i mọ́. Mo gbé!"

Nọ́ọ̀sì kò lè fi àwọn aláìsàn tó kún iwájú rẹ̀ sílẹ̀. Ó wò mí. Mo bọ́ aṣọ búlúù mi, mo wọ bùbá tí mo wọ̀ wá láti ilé, mo tẹ̀ lé obìnrin náà. Oòrùn ti mú. Ẹsẹ̀ ń dùn mí láti àná. A wá a kiri ilé, a wá a kiri ẹ̀yìnkùlé, títí mo fi gbójú sókè wo àká tí wọ́n ń kó ọkà bàbà sí. Ìka ẹsẹ̀ kan yọ lábẹ́ ìbòrí koríko rẹ̀.

Mo jókòó sórí òkúta nísàlẹ̀. Ká sòótọ́, mo nílò ìjókòó náà.

"Múnírátù. Èmi ni, ìyá tó ń gbálẹ̀ ọsibítù."

 Ohùn kékeré jáde láti inú àká: "Ṣé ẹ gbé wàrà wá?"

"Rárá o. N kò gbé nǹkan kan wá."

"Ṣé ọjà la ń lọ?"

"Ọsibítù la ń lọ. Wọ́n á gún ẹ lábẹ́rẹ́ níkùn. Á dùn ẹ́."

Ìyá rẹ̀ gbá itan. "Háà! Ìyá Ràṣídì, ẹ ti bà á jẹ́!"

Mo ní kó jẹ́ ká gbọ́. Ohùn náà tún jáde nínú àká: "Á dùn mí bíi tàná?"

"Bíi tàná. Kò ní ju tàná lọ."

"Lọ́la ńkọ́?"

"Lọ́la náà. Títí Nọ́ọ̀sì yóò fi ní ó tó. Bó bá ti tó, èmi ni n óò wá sọ fún ẹ."

"Bí mi ò bá lọ ńkọ́?"

Ìyá rẹ̀ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rí i pé n kò gbọdọ̀ purọ́ níbẹ̀ náà, nítorí ibẹ̀ gan-an ni irọ́ ti rọrùn jù.

"O rí ewúrẹ́ yín?"

"Mo rí i."

"Òun ni kò rẹ́ni gbé e lọ gba abẹ́rẹ́."

Ọkà bàbà ta pàrà nínú àká. Ẹsẹ̀ jáde, ẹsẹ̀ kejì jáde. Ó sọ̀ kalẹ̀, èérí ọkà kún irun rẹ̀, ó dúró jìnnà sí wa díẹ̀. "Ẹ má dì mí mú o. Wọ́n máa ń dì mí mú."

"N kò ní dì ọ́ mú. Ṣùgbọ́n bó o bá fẹ́, ìwọ di èmi mú."

Ní ìkóríta, ó gbé ojú kúrò lára igbá oníwàrà, ó tutọ́ sílẹ̀. Lẹ́nu géètì wa, ṣinrin-ṣinrin dé etí rẹ̀, torí Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ti gbé abọ́ kaná. Mo rí i bí awọ ikùn rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ, bí òógùn ṣe bò ó nímú. Ohun tí mo rí lára abo màlúù tó dúró tì mí nínú ẹrẹ̀ ni mo tún ń rí, kò yàtọ̀ rárá. Àmọ́ màlúù sá. Ọmọ yìí ń gbọ̀n, ó sì ń lọ. Ó gun orí bẹ́ǹṣì, ó fa aṣọ rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀, ó gbá ọrùn ọwọ́ mi mú. Ó sunkún, mo ní kó sun ún dáadáa, ẹkún kì í ba abẹ́rẹ́ jẹ́. Èékánná rẹ̀ ṣe mí léṣe ju ohun tí abẹ́rẹ́ ṣe é lọ.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kírun àárọ̀ tán, n óò gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá. N óò ní, "Múnírátù, abẹ́rẹ́ wà lónìí." Á ní, "Mo ti gbọ́." Ó ń rẹ̀ mí o, ọ̀nà wọn kò sí lójú ọ̀nà mi. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí àwọn aláìsàn bá ti lọ, á wá bá mi nu ilẹ̀. Mo máa ń jẹ́ kó mi abọ́ náà nígbà tó tutù, tí kò sí ẹnu irin níbẹ̀, kí gíláàsì máa dún. Ó kọ́kọ́ mì í lẹ́ẹ̀kan, ó sá. Nígbà tó yá, ó ń mì í, ó ń jó sí i. Káún kékeré tí a rí kó jọ nìyẹn.

Ọjọ́ kan dé tí Nọ́ọ̀sì ní kó sinmi kí ti ìkẹyìn tó wá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo ní, "Kò sí abẹ́rẹ́ lónìí." Ọmọ náà wo ẹnu mi. Ó wò ó pẹ́. Ó wá yíjú, ó sáré lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, kò bojú wẹ̀yìn. Mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Kò sí màlúù tó lè ṣe ìyẹn fún Bàbá Múúsá, bó fi gbogbo káún Kíṣí bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo ni mo sọ.

Ìkẹyìn dé, mo sọ fún un, ó gbà á. Ojúgun rẹ̀ jinná. A retí, a ń ṣọ́ ọ, a ń wo bó ṣe ń mu omi, torí ẹni tí wèrè ajá bá mú kì í lè mu omi. Kò sí nǹkan kan. Ó yè.

Mo wà nídìí iná yẹn títí wọ́n fi gbé abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò tí wọ́n ń jù nù dé. Nígbà náà orúnkún mi ti kọ ilẹ̀ nínù. Kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, Múnírátù gbé ọmọ tirẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́ èéyi. Ó jókòó, ó sọ sí ọmọ náà létí, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí kò lè gbọ́: "Wọ́n á gún ẹ. Á dùn ẹ́. A ó sì lọ sílé." Mo di ọwọ́ Múnírátù mú. Ó tutù, ó tún rin fún òógùn.

"Ṣé ẹ̀rù ṣì ń bà ẹ́ ni?"

"Ẹ̀rù kọ́, Ìyá. Ọwọ́ ni."

Kò sì fẹnu kan wàrà mọ́ láyé rẹ̀. Ó ń rà á fún ọkọ rẹ̀ ṣá.

Ohun tí mo sọ fún àwọn ọmọ mi nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ nìyí. Mo ní kí wọ́n má fi abẹ́rẹ́ dẹ́rù ba ọmọ. Mo ní bí wọ́n bá ń gbé ọmọ lọ síbi tí yóò dùn ún, kí wọ́n sọ fún un pé yóò dùn ún. Kí wọ́n fi ohun dídùn sí ọjọ́ mìíràn. Ẹran ara wa kò yàtọ̀ sí ti màlúù, ohun tó bá kọ́, ó kọ́ ọ nìyẹn, ẹ má jà á níyàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu la fi jù ú lọ. Ẹni tó bá fi irọ́ ba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ ti sọ ọmọ náà di màlúù.

Ràṣídì ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kó má fi mí rẹ́rìn-ín. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ń se ẹyin, tí ẹyin ń gbá ìkòkò nínú omi gbígbóná, wọ́n á kàn rí i pé mo ti dìde, tèmi ti orúnkún yìí, mo ń wá ẹ̀mú.

"Ìyá, ẹ jókòó, ẹ sinmi. Ẹyin ni."

Mo máa ń sọ fún wọn pé, mo mọ̀ pé ẹyin ni. Ẹsẹ̀ mi ni kò mọ̀.